Ẹ Jẹ́ Kí Á Pàgọ́ Lẹ́yìnkùlé Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ ní ìpàdé wa, ṣùgbọ́n àyè kò gbà mí, nítorí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ àti ti owó ìsìnkú ló gba gbogbo ọjọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá sínú ìwé ìròyìn wa. Ohun tí mo ń bá bọ̀ kò ju èyí lọ: kí olúkúlùkù wa tó ní aya àti ọmọ ní ìlú Lọ́kọ́ja yìí mú alẹ́ kan, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ó kó ará ilé rẹ̀ jáde sí ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n pàgọ́ síbẹ̀, kí wọ́n dáná, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n pàlọ́, kí wọ́n sì sùn síbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Wọn yóò ní, "Ẹni tó kọ́lé, tó ra bẹ́ẹ̀dì, tó ra fáànù, kí ló ń lé e tí yóò fi lọ sùn lórí ẹní nínú ọgbà bí ọdẹ?" Àwọn mìíràn yóò ní àṣà òyìnbó ni, pé àwọn tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ ló wà fún. Òtítọ́ ni pé àwọn òyìnbó ń ṣe é. Ní ọdún 1907 ni Baden-Powell kó àwọn ọmọkùnrin bíi ogún lọ sí erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n pàgọ́ síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Scout ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dé Nàìjíríà wa ní ọdún 1915. Nígbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ òkèèrè ló pàgọ́ sínú ọgbà ara wọn, nítorí kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè kó ọmọ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe àgọ́ pípa ní àṣà òyìnbó, kí ó padà lọ bi bàbá rẹ̀ léèrè bí ìlú rẹ̀ ti ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìbàdàn tí a fi ń yangàn yìí, ibùdó ogun ni ní nǹkan bí ọdún 1829. Ọ̀yọ́ tí Aláàfin wà lónìí, Àgọ́ Ọjà ni orúkọ rẹ̀ kí Aláàfin Àtìbà tó sọ ọ́ di ìlú ọba. Abẹ́ àpáta Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní ọdún 1830 kí ibẹ̀ tó di Abẹ́òkúta. Àgbẹ̀ wo ló sì wà láyé àtijọ́ tí kò ní ahéré lóko, tí kì í sùn síbẹ̀ lọ́pọ̀ ọjọ́ kí ó tó wálé? Àwa gan-an la gbàgbé nítorí a ti di ará ìlú ńlá. Ẹ̀yin onígbàgbọ́, ẹ ṣí ìwé Léfítíkù orí 23, ẹ ó bá Àjọ Àgọ́ níbẹ̀. Ọjọ́ méje ni a ní kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fi gbé inú àgọ́, ìdí rẹ̀ sì ni kí àwọn ọmọ tí kò fojú rí ilẹ̀ Íjíbítì lè mọ ọ̀nà tí àwọn bàbá wọn gbà wá. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, àwọn tó ti lọ sí Mẹ́kà nínú yín mọ bí àgọ́ funfun ti ń bo ilẹ̀ Mínà, àti alhájì olówó àti èyí tó fi gbèsè lọ, abẹ́ àgọ́ ni wọ́n ń sùn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ohun tó mú mi kọ ọ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní ìlú yìí ló ti sun ìta rí, ṣùgbọ́n wọn kò fi ayọ̀ sùn ún. Ẹ rántí ọdún 2012. Ẹ rántí ọdún 2022. Odò Ọya àti odò Bẹ́núè tó pàdé ara wọn lẹ́bàá ilé wa kún àkúnya. Omi wọ Adankolo, ó wọ Kabawa, ó wọ Ganaja, ó gé ọ̀nà Abuja ní ìhà Koton-Karfe, ọkọ̀ tò sójú títì bí eéran. Ní ọdún 2012, òkú 363 ni àjọ NEMA kà ní gbogbo Nàìjíríà, àwọn tó sì fi ilé wọn sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì. Ti ọdún 2022, àwọn tó kú lé ní 600. Àwọn tó bọ́ nínú omi ní Lọ́kọ́ja sùn sí kíláàsì, wọ́n sùn sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, àwọn mìíràn fi tapólì bo orí lẹ́bàá ọ̀nà. Lójú ọmọ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, ibi tí bàbá ti ń wolẹ̀ láìsọ̀rọ̀, tí ìyá ti ń sunkún, tí a ti ń tò gba ìrẹsì, ni wọ́n ń pè ní kámpù.

Mo mọ ilé kan nínú wa, n kò ní dárúkọ, tí ọmọ wọn a máa gbé báàgì ilé-ìwé rẹ̀ bí òjò bá ti ṣú ní oṣù kẹsàn-án, a kó aṣọ méjì sí i, a wá lọ jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó rán an. Ìyá rẹ̀ ní òun ti bá a wí títí, ó ti sú òun. Mo sọ fún ìyá náà pé ìbáwí kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ọmọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kí bàbá òun fi han òun pé ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde kúrò nínú yàrá, kí ó sùn lábẹ́ ọ̀run, kí ó jẹun yó níbẹ̀, kí ó rẹ́rìn-ín, kí ilẹ̀ mọ́, kí ó sì bá ilé rẹ̀ níbi tó fi í sí. Ó sì tún ní èrè mìíràn tí kì í ṣe ti eré. Ọmọ tó bá ti bá bàbá rẹ̀ so okùn tapólì rí, tó mọ bí a ti ń dáná láìsí gáàsì, tó mọ ohun tí a ń kọ́kọ́ kó àti èyí tí a ń fi sílẹ̀, kò ní dà bí òmùgọ̀ bí a bá tún sọ pé omi ń bọ̀. Nítorí odò wọ̀nyí kò tíì bá ẹnì kankan nínú wa dá májẹ̀mú.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ èdè. A ti pariwo rẹ̀ ní ìpàdé títí ohùn há. Àwọn ọmọ wa ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé, wọ́n ń fi Haúsá rajà, wọ́n gbọ́ Núpé díẹ̀ àti Ẹ̀bìrà díẹ̀ àti Ígálà díẹ̀ lẹ́nu ẹgbẹ́ wọn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ẹni tó gbọ́ èdè mẹ́rin kì í sọnù lọ́jà. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń fi Yorùbá gbọ́ nínú ilé? "Gbé abọ́ yẹn kúrò." "Ṣé o ti wẹ̀?" "Orí rẹ dà bí ti bàbá rẹ." Àṣẹ àti èébú, ó parí. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì dá wa lóhùn, nítorí wọn kò rí nǹkan dídùn kan tí Yorùbá wà fún. Àwọn Òwòrò aládùúgbò wa, tí èdè wọn àti tiwa jẹ́ ọmọ ìyá, ní abúlé tí wọ́n lè kó ọmọ lọ ní ọjọ́ Sátidé. Àwa tí a ti Ọ̀ffà wá, tí a ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, tí a ti Ìlá tàbí Ìjẹ̀bú wá, owó ọkọ̀ ti sọ ìrìn àjò ilé di ti ọdún kan sí ọdún mẹ́ta, àwọn ọmọ mìíràn kò sì mọ ojú ìyá àgbà wọn àfi lórí fóònù.

Àwọn bàbá wa kò fi pàṣán kọ́ wa ní Yorùbá. Òkùnkùn ló kọ́ wa. Alẹ́ a lẹ́, kò sí iná, kò sí ohun tí ọwọ́ lè ṣe, gbogbo ilé a jáde sí àgbàlá, àgbà kan a sì la ẹnu. Ẹ mọ̀ pé a kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án. Mo rò pé ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀sán ní iṣẹ́ tirẹ̀, etí ọmọ kò sì ní dúró. Nínú yàrá wa lónìí, ọ̀sán ni títí di agogo mọ́kànlá òru: tẹlifíṣọ̀n wà lápá kan, fóònù wà lápá kejì, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn fèrèsé, bàbá wà ní pálọ̀, àwọn ọmọ wà ní yàrá, ìyá wà ní ilé ìdáná. Ilé kan náà ni, ṣùgbọ́n àyálégbé ni gbogbo wọn sí ara wọn. Ẹ kó wọn jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ pa iná, ẹ ó rí i pé kò ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi bèèrè ọ̀rọ̀.

Kí ló dé tí mo fi ní ẹ̀yìnkùlé, tí n kò ní Òkè Patti tàbí etí odò tí atẹ́gùn ti dára jù? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àkókò yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń kó ọmọ lọ sun inú igbó. Àwọn ajínigbé ti sọ ọ̀pọ̀ ọ̀nà ní ìpínlẹ̀ Kogi di ohun ẹ̀rù, kò sì sí ọlọ́gbọ́n tí yóò fi ọmọ rẹ̀ dán wọn wò nítorí atẹ́gùn. Inú ọgbà tí a mọ yí ká, tí géètì rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, tí ilẹ̀kùn ilé wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ẹní, ìyẹn tó fún wa. Kí a sì sọ fún àwọn aládùúgbò àti fijilanté àdúgbò ṣáájú, kí wọ́n má baà rí tọ́ọ̀ṣì tí ń ràn kiri lóru kí wọ́n pariwo olè.

Nísinsìnyí, ẹ̀fọn. Mo mọ̀ pé òun ni àwọn ìyá yóò kọ́kọ́ kò mí lójú, wọ́n sì jàre, nítorí ìlú yìí kì í ṣe ibi tí a ti ń fi ibà ṣeré. Ní ọdún 1841 ni ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gòkè odò Ọya wá sí ibi tí odò méjèèjì ti pàdé, wọ́n fẹ́ dá oko àwòkọ́ṣe sílẹ̀ níbí. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, wà nínú wọn, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àná ni ọmọ Yorùbá kọ́kọ́ rí ibí yìí. Nínú òyìnbó bíi 145 tó wà nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn, ó lé ní 40 tó bá ìrìn àjò náà lọ, ibà ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, oko náà sì túká kí ọdún tó yí po dáadáa. Ní ọdún 1854, Dókítà Baikie gòkè odò pẹ̀lú ọkọ̀ Pleiad, Crowther tún bá wọn wá. Lọ́tẹ̀ yìí, Baikie ń fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní kinínì, kò sì sí òyìnbó kan tí ibà pa. Baikie yìí náà ló wá fi Lọ́kọ́ja ṣe ibùdó ní nǹkan bí ọdún 1860. Odò kan náà ni, òru kan náà ni, ẹ̀fọn kan náà ni. Ìmúra ló yàtọ̀. Wọn kò tilẹ̀ mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀fọn ni, wọ́n rò pé afẹ́fẹ́ irà ni. Ọdún 1897 ni Ronald Ross rí i ní ilẹ̀ Íńdíà pé inú ẹ̀fọn ni kòkòrò ibà ń gbé.

Àwa mọ̀ ọ́n, a kò sì ní àwáwí. Àwọ̀n ẹ̀fọn tí a rẹ sínú oògùn ni kí a lò, irú èyí tí ìjọba máa ń pín. Bí ó bá jẹ́ tuntun, kí a kọ́ ọ síbi òjìji fún ọjọ́ kan kí a tó sùn sábẹ́ rẹ̀. Kí a ri ọ̀pá mẹ́rin mọ́lẹ̀ yí ẹní ká, kí a so àwọ̀n náà mọ́ ọn kí oòrùn tó wọ̀, kí a sì ki etí rẹ̀ sábẹ́ ẹní yípo, nítorí àwọ̀n tí etí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ilé ẹ̀fọn ni. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, òru ló ń jẹun. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí àwọn ọmọ da omi inú agolo, táyà àti ìkòkò fífọ́ nù káàkiri ọgbà. Èéfín èèpo ọsàn tí àwọn ìyá wa máa ń jó dára fún òórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi í dípò àwọ̀n. Bí àwọ̀n kò bá tó, kí aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wọlé lọ sùn lẹ́yìn àlọ́. Wọn kò pàdánù nǹkan kan, àárọ̀ kò jìnnà.

Ní ti àkókò, ọ̀pọ̀ ni yóò fẹ́ mú oṣù Kejìlá nítorí ìsinmi ilé-ìwé. N kò fara mọ́ ọn. Ọyẹ́ a máa gan àwọn ọmọ ní òru, eruku rẹ̀ a sì máa yọ ẹni tó ní ikọ́ fée lẹ́nu. Ọmọ tó ní ẹ̀jẹ̀ SS kò gbọdọ̀ sun òtútù ọyẹ́ rárá, nítorí ó lè gbé ìrora dìde sí i. Oṣù Kejì ni mo fọwọ́ sí, tí ọyẹ́ ti ń lọ, tí òjò kò tíì dé, tí yàrá wa ti ń gbóná bí ààrò tó bẹ́ẹ̀ tí púpọ̀ nínú wa ti ń gbé ẹní jáde fúnra wa bí iná bá lọ. Bí oṣù Ààwẹ̀ bá bọ́ sí i, kí a yẹ̀ ẹ́. Kí a wá òṣùpá tó kún. Ẹni tí kò bá mọ bí yóò ṣe mọ̀ ọ́n, kí ó bi Mùsùlùmí tó bá súnmọ́ ọn: ọjọ́ kẹtàlá, ìkẹrìnlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún oṣù wọn ni òṣùpá ń kún.

Àgọ́ náà kò gba owó. Èyí tí wọ́n ń tà ní ìlú ńlá wọ́n, kò sì yẹ ooru wa. Tapólì kan, okùn, ọ̀pá ọparun mẹ́fà, èèkàn díẹ̀, ó tán. Kí bàbá má dá a ṣe kí àwọn ọmọ máa wòran. Kí ó fún ọmọ ní òlù àti èèkàn, bí àgọ́ náà bá wọ́, kí ó wọ́. Kí a ti ro koríko ibẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí a kó òkúta àti igi tó jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kúrò, nítorí àkéekèé àti ejò a máa sá sábẹ́ wọn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí olúkúlùkù gbọn bàtà rẹ̀ kí ó tó wọ̀ ọ́.

Lórí iná ni mo ti ń bẹ̀ yín pé kí ẹ le díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, koríko gbẹ, ẹ̀ta iná kan tó láti jó ilé aládùúgbò. Kí a gbẹ́ ilẹ̀, kí a fi iyẹ̀pẹ̀ yí iná náà ká, kí ó jìnnà sí àgọ́ àti àwọ̀n, kí gárawá omi méjì wà nítòsí, kí a sì pa á pátápátá kí a tó sùn. Ẹ má gbé ìkòkò èédú wọ abẹ́ àgọ́ nítorí òtútù ìdájí, ẹ má sì gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́bàá ibi tí ènìyàn sùn sí. Èéfín wọn ní májèlé tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, a sì máa pa odidi ìdílé lójú oorun. A ti gbọ́ irú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní orílẹ̀-èdè yìí.

Oúnjẹ kò le: isu sísun pẹ̀lú epo, ẹja àrọ̀ láti etí odò, ẹ̀pà, omi mímu tó pọ̀. Ìyá kò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná ní alẹ́ yẹn. Kí àwọn ọkùnrin sun isu náà, bí ó bá sì jóná, àwọn ni kí ó jẹ ẹ̀jìká rẹ̀.

Ohun tó kù ni èyí tó ṣe pàtàkì jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ bàbá ń sá fún. Wọ́n ní, "Èmi kò rántí àlọ́ kankan mọ́." Irọ́ ni. Ẹ jókòó, ẹ gbé Ìjàpá síwájú, àwọn tó kù yóò tẹ̀lé e. Bí ẹ bá sì gbàgbé ìparí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ parí rẹ̀ fún yín. Ẹ fi àlọ́ àpamọ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ọmọ tí ojú ń tì láti sọ Yorùbá gígùn lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dáhùn, inú rẹ̀ yóò sì dùn tó bá gbà á. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pa èyí tó ní orin, kí gbogbo wọn gbè é. Kí a kó gbogbo fóònù sínú agbọ̀n kan, àfi ẹyọ kan. Ẹyọ yẹn ni kí a fi pe ìyá àgbà ní ilé, kí a yí ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo àgọ́ gbọ́, kí ó pa àlọ́ kan fún wọn láti Ìlá tàbí láti Ọ̀ffà lọ́hùn-ún, kí ó sì ki ọmọ kọ̀ọ̀kan ní oríkì rẹ̀ kí ó tó dágbére. Mo ti rí i tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan, tó ga ju bàbá rẹ̀ lọ, tí kì í fẹ́ dá ènìyàn lóhùn, dákẹ́ nígbà tí ìyá àgbà kì í lórí fóònù, tó ní kí wọ́n tún un kì.

Kí bàbá náà sọ bí òun ṣe dé Lọ́kọ́ja. Èyí kì í ṣe àlọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò gbọ́ ọ rí. Ọkọ̀ wo lo wọ̀? Ta ló gbà ọ́ sílé ní alẹ́ àkọ́kọ́? Èló ló wà lápò rẹ? Ọmọ tí kò mọ èyí yóò máa rò pé inú ilé yìí ni ayé ti bẹ̀rẹ̀. Bí Agùàlà bá wà lójú ọ̀run, kí a nà án sí wọn, kí a sọ fún wọn pé ajá òṣùpá ni àwọn àgbà ń pè é. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí Venus ní ilé-ìwé. Kí wọ́n mọ̀ ọ́n pẹ̀lú orúkọ tó ní kí wọ́n tó bí olùkọ́ wọn.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa ló ń gbé ilé àyágbé, tí àgbàlá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ìyẹn kò dènà. Kí a bá onílé sọ̀rọ̀, kí a bá àwọn tí a jọ ń gbé sọ̀rọ̀. Bí ọmọ Ígálà tàbí ọmọ Núpé inú ilé náà bá fẹ́ wá jókòó, kí a tẹ́ ẹní fún un, kí ìyá rẹ̀ náà pa tiwọn, nítorí ẹranko ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ wà nínú ìtàn gbogbo ẹ̀yà. Àwọn tí kò ní àgbàlá rárá, kí wọ́n dara pọ̀ mọ́ ẹni tó ní. Ìdílé méjì tàbí mẹ́ta tó nínú ọgbà kan, bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ayẹyẹ ni yóò dà, ẹnì kan yóò sì gbé gbohùngbohùn wá.

Ní ti owó, n kò bèèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àpò ẹgbẹ́ fún tapólì ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ gbé yẹ̀ wò. Owó tí a ń fi gba àga àti kánópì fún àpèjẹ ìparí ọdún, kí a yọ díẹ̀ níbẹ̀, kí a fi ra àwọ̀n ẹ̀fọn fún àwọn opó inú ẹgbẹ́ wa àti àwọn tí omi ọdún 2022 kó ẹrù wọn lọ tí wọn kò tíì rà á padà. Àwọn tí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ ká lára yóò bínú sí mi. Kí wọ́n bínú, ṣùgbọ́n kí wọ́n dáhùn ìbéèrè yìí ní ìpàdé: èwo ni ọmọ wọn yóò rántí lẹ́yìn ogún ọdún, àwọ̀ aṣọ tí a wọ̀ jó, tàbí alẹ́ tí bàbá òun ki iná tó fẹ́ kú, tó ń pàlọ́ tí kò mọ ìparí rẹ̀?

Mo ti bá akọ̀wé sọ ọ́, ó sì ti gbà láti ṣí ìwé kan. Ẹni tí ọgbà rẹ̀ gbòòrò tó lè gba ìdílé kan mọ́ tirẹ̀, kí ó fi orúkọ àti àdúgbò rẹ̀ sílẹ̀ kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Ẹni tí kò ní àgbàlá, kí ó kọ iye ọmọ rẹ̀ àti iye àwọ̀n tó ní lọ́wọ́. Tèmi ni yóò wà lókè pátápátá: ìdílé méjì ni mo lè gbà, kànga wà níbẹ̀, ajá mi kì í sì í bu ọmọdé jẹ.